Ìgbà Tó Yẹ Kí Ẹni Tí Káàdì Rẹ̀ Dára Yọwọ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ará Mowe, Ibafo àti Ifọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn

  

Kókó ọ̀rọ̀ tí àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́ fún mi lè ya ẹlòmíì lẹ́nu. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìpinnu kan tí àwọn tó ń ta póòkà ní ilé kasínò máa ń ṣe: kí káàdì tó wà lọ́wọ́ èèyàn dára, kí ó mọ̀ pé ó dára, síbẹ̀ kí ó dà á nù, kí ó yọwọ́, kí ó sì jẹ́ kí owó tó wà nílẹ̀ máa lọ. Ẹlòmíì lè bèèrè pé, ní Mowe, tí gbogbo ayé ń gbà kọjá lọ sí àgọ́ àdúrà Ìjọ Rídíìmù, kí ni ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ń wá? Mi ò wá gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ta tẹ́tẹ́. Mo gba iṣẹ́ yìí nítorí pé tẹ́tẹ́ ti wà láàárín wa, ilé ìtatẹ́tẹ́ sì wà lẹ́bàá ọ̀nà láti Ibafo títí dé Mowe àti ní Ifọ̀. Mo tún gbà á nítorí pé ìpinnu yìí kọjá tẹ́tẹ́. Ó ń dé bá ẹni tó ń ṣẹjọ́ ilẹ̀, ó ń dé bá oníṣòwò, ó ń dé bá gbogbo ẹni tó ti dáwọ́ lé nǹkan tó ń lọ dáadáa tí kò sì mọ̀ bóyá kí òun máa lọ tàbí kí òun dúró.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ. Káàdì kì í dára fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹnìkejì lè ní lọ́wọ́, àti iye tí yóò ná wa láti dúró, ni ó ń sọ bóyá káàdì wa dára.

Bí wọ́n ṣe ń ta póòkà

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Irú póòkà tó gbajúmọ̀ jù láyé lónìí ni Texas Hold'em. Káàdì 52 ni wọ́n ń lò. Wọ́n á pín káàdì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíì kò sì gbọdọ̀ rí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí káàdì márùn-ún sí àárín tábìlì níṣojú gbogbo èèyàn: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀kan, lẹ́yìn rẹ̀ èyí tó kẹ́yìn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á wá fi méjì ọwọ́ rẹ̀ àti márùn-ún àárín to káàdì márùn-ún tó lágbára jù. Kí wọ́n tó ṣí káàdì rárá, àti lẹ́yìn ìṣísílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àyè wà láti fi owó lélẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti fi owó lélẹ̀, ohun mẹ́ta ló kù fún ẹni tó kàn: kí ó san iye kan náà, kí ó fi kún un, tàbí kí ó da káàdì rẹ̀ nù kí ó yọwọ́. Ẹni tó bá yọwọ́ kò ní san kọ́bọ̀ mọ́ nínú ìpín yẹn. Ohun tó ti san tẹ́lẹ̀ ti lọ.

Agbára káàdì ní ìpele. Méjì tó jọra ju òfo lọ. Méjì méjì lọ́nà méjì ju ẹyọ méjì kan lọ. Mẹ́ta tó jọra tún ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni márùn-ún tó tò léra, lẹ́yìn rẹ̀ ni márùn-ún tí àmì wọn jẹ́ ọ̀kan náà, lẹ́yìn rẹ̀ ni mẹ́ta tó jọra pẹ̀lú méjì tó jọra, lẹ́yìn rẹ̀ ni mẹ́rin tó jọra. Lókè pátápátá ni márùn-ún tó tò léra tí àmì wọn tún jẹ́ ọ̀kan.

Bí a bá ka gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà mú káàdì márùn-ún nínú 52, ọ̀nà 2,598,960 ni. Nínú wọn, 1,302,540 jẹ́ òfo, 1,098,240 sì jẹ́ méjì tó jọra lásán. Ìyẹn ni pé nínú ìgbà 100, ó lé ní ìgbà 92 tí káàdì márùn-ún kì í mú ju òfo tàbí méjì tó jọra wá. Mẹ́rin tó jọra kò ju 624 lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá rí káàdì gidi fi máa ń rò pé ọjọ́ òun ló pé. Nǹkan tó ṣọ̀wọ́n ti dé ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì fọ́ sí ohun tó lè wà lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Póòkà yàtọ̀ sí àwọn eré tó kù ní kasínò, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì fún wa lónìí. Kasínò kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa: ẹni tó bá wọkọ̀ láti Mowe gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ sí Victoria Island á rí ọ̀kan nínú Federal Palace Hotel, hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣí ní 1960, ọdún òmìnira. Ẹ wo rulẹ́ẹ̀tì, àgbá tí wọ́n ń yí tí bọ́ọ̀lù kékeré ń sá kiri nínú rẹ̀. Nọ́ńbà 37 ló wà lórí ti ilẹ̀ Yúróòpù, láti òdo títí dé 36. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà kan tó sì jẹ, ìlọ́po 35 ni wọ́n á san fún un, owó tó fi lélẹ̀ á sì padà sọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá jẹ́ ìlọ́po 36. Àlàfo tó wà láàárín 36 àti 37 yẹn ni ilé kasínò ń jẹ: nínú ₦100 tó bá wọlé, nǹkan bí ₦2.70 á kù sílẹ̀ fún onílé bó pẹ́ bó yá. Tí àgbá bá ti ń yí, kò sí pé ò ń yọwọ́. Ní póòkà, onílé kì í bá ọ ta á. Ó kàn ń gba owó díẹ̀ lórí ohun tó wà nílẹ̀. Àwọn tó jókòó sí tábìlì ló ń bá ara wọn jà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì lágbára láti sọ pé: èyí ò kàn mí mọ́. Agbára yẹn ni orí ọ̀rọ̀ wa.

Éèsì méjì

Káàdì méjì tó dára jù tí èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ni éèsì méjì. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 ló ń dé. Bí ẹni tó ni éèsì méjì bá dojú kọ ẹnì kan ṣoṣo tó mú káàdì èyíkéyìí, tí àwọn méjèèjì sì dúró dé òpin, yóò jẹ nǹkan bí ìgbà 85 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́jọ bá dúró dè é dé òpin, ìgbà 35 péré ni yóò jẹ nínú 100. Ìgbà 65 tó kù, ẹlòmíì ni yóò kó owó náà.

Ẹ kíyè sí i. Éèsì méjì ṣì ni éèsì méjì. Kò sí ohun tó kúrò lára rẹ̀. Àwọn tó ń bá a du owó ló pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo òmíràn. Ẹnì kan ní kíńgì méjì lọ́wọ́. Wọ́n ṣí káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́: 7, 8 àti 9, gbogbo wọn ní àmì ọkàn pupa, kò sì sí àmì yẹn lára kíńgì méjèèjì. Ẹnì kan nínú àwọn tó kù fi owó ńlá lélẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e fi kún un ní ìlọ́po mẹ́ta. Wàyí o, ẹnikẹ́ni tó bá ní 10 àti jáàkì, tàbí 5 àti 6, tàbí 6 àti 10, ti ní márùn-ún tó tò léra. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àmì ọkàn méjì ti ní márùn-ún alámì kan náà. Kíńgì méjì tó jẹ́ ọba nígbà tí wọ́n pín káàdì ti di ìránṣẹ́, nígbà tí èèyàn méjì sì ń bá ara wọn figa gbága pẹ̀lú owó gidi, ó ṣòro kí àwọn méjèèjì máa purọ́. Ọ̀jáfáfá á da kíńgì méjèèjì nù níbí, kò sì ní sunkún.

Ìbéèrè mẹ́ta

Àwọn tó mọ eré yìí dáadáa máa ń bi ara wọn ní ìbéèrè mẹ́ta kí wọ́n tó pinnu.

Èkíní: kí ni ẹnìkejì lè ní lọ́wọ́? Wọn kì í bèèrè ohun tó wù wọ́n kí ó ní tàbí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Wọ́n á ronú padà sí gbogbo ohun tó ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: ìgbà tó sanwó, ìgbà tó fi kún un, ìgbà tó dákẹ́. Wọ́n á wá to gbogbo káàdì tó bá ìṣe yẹn mu, wọ́n á sì wo mélòó nínú wọn ló ju tiwọn lọ.

Èkejì: irú èèyàn wo ni? Ẹni tó ti jókòó láti ìrọ̀lẹ́ tí kò fi owó ńlá lélẹ̀ rí, bó bá ṣàdédé kó owó kalẹ̀, ẹ gbà á gbọ́. Ẹni tó ń dẹ́rù ba gbogbo èèyàn láti ìgbà tó ti dé, owó rẹ̀ kò wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta: iye wo ni yóò ná mi, iye wo sì ni mo lè rí? Ìṣirò ni eléyìí, ó sì rọrùn. Ká sọ pé ₦60,000 wà láàárín tábìlì, ẹnìkejì sì fi ₦40,000 lé e. Ohun tí ẹ lè jẹ di ₦100,000, ohun tí ẹ máa san láti dúró sì jẹ́ ₦40,000. Ẹ fi ₦40,000 yẹn kún ₦100,000, ó di ₦140,000. ₦40,000 nínú ₦140,000 jẹ́ nǹkan bí 29 nínú 100. Bí ẹ bá gbà pé ẹ máa jẹ ju ìgbà 29 lọ nínú 100, ẹ dúró. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ yọwọ́.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Bí ó bá jẹ́ ìgbà 20 nínú 100 ni ẹ máa jẹ, ìgbà 20 náà á mú ₦2,000,000 wá, ìgbà 80 tó kù á gba ₦3,200,000 lọ́wọ́ yín. Àdánù náà jẹ́ ₦1,200,000. Bí ó bá jẹ́ ìgbà 40, ẹ ó rí ₦4,000,000, ẹ ó pàdánù ₦2,400,000, èrè yín á jẹ́ ₦1,600,000. Ẹ rí i pé ẹni tó ń jẹ ìgbà 40 péré nínú 100 ṣì ń jèrè, nítorí náà kì í ṣe dandan kí èèyàn dá ara rẹ̀ lójú tán kó tó dúró. Ohun tó yẹ kí ó mọ̀ ni iye tí ìdúró náà ń ná an.

Farha àti Moneymaker

Kí ẹ má bàa rò pé ìṣirò lásán ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Las Vegas, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2003. Ní kasínò Binion's Horseshoe, èèyàn 839 ló wọ ìdíje póòkà tó tóbi jù láyé, 10,000 dọ́là sì ni owó ìwọlé. Chris Moneymaker, oníṣirò owó láti Tennessee, kò san iye yẹn. Ìdíje kékeré kan tó wọ̀ ní 86 dọ́là lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló fún un ní àyè. Níkẹyìn, ó ku òun àti Sam Farha, ọmọ bíbí ilẹ̀ Lẹ́bánónì, tí tẹ́tẹ́ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Ní ìpín kan, káàdì márùn-ún tó wà láàárín jẹ́ 9, 2, 6, 8 àti 3, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ sípéèdì. Farha ní kúìnì àti 9 lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé 9 méjì ló ní, kò sì sí nọ́ńbà tó ju 9 lọ nílẹ̀. Moneymaker ní kíńgì àti 7. Òfo ni. Káàdì tó ti ń retí kò dé. Síbẹ̀ ó kó gbogbo owó rẹ̀ síwájú. Farha ronú, ó wo ojú rẹ̀, ó wo sípéèdì mẹ́ta tó wà nílẹ̀, ó sì da káàdì rẹ̀ nù. Ká ní ó san owó náà ni, òun ni ìbá jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpín tó kẹ́yìn dé. Farha ní jáàkì àti 10. Wọ́n ṣí jáàkì, 5 àti 4 sílẹ̀. Ó ní jáàkì méjì, èyí tó tún dára ju 9 méjì ti ìṣáájú lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun kò ní yọwọ́ mọ́, gbogbo owó sì wọ àárín. Moneymaker ní 5 àti 4 lọ́wọ́: méjì méjì lọ́nà méjì. Nígbà tí 5 mìíràn tún jáde, ọ̀rọ̀ parí. Moneymaker gba 2,500,000 dọ́là.

Ọkùnrin kan náà yọwọ́ nígbà tí káàdì rẹ̀ ló lágbára jù, ó sì dúró nígbà tí ti ẹnìkejì ju tirẹ̀ lọ. Ṣé aláìgbọ́n ni? Rárá o. Nínú ìpín àkọ́kọ́, àwọn káàdì tó lè lu 9 méjì pọ̀ lóòótọ́. Ohun tó mọ̀ nígbà yẹn ló fi pinnu. Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbí: kì í ṣe gbogbo ìpinnu tó já sí àdánù ni ìpinnu burúkú, kì í sì í ṣe gbogbo ìpinnu tó mú owó wá ni ìpinnu rere. Bí a bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe gbọ́n tó, ẹ jẹ́ ká bèèrè ohun tó mọ̀ nígbà tó ń pinnu.

Ìdí tí yíyọwọ́ fi ń ni wá lára

Bí ìṣirò náà bá rọrùn báyìí, kí ló dé tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń dúró dìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá tán? Ìdí mẹ́ta ni mo rí.

Ìdí àkọ́kọ́ ni owó tó ti lọ. Èèyàn á ní, “Mo ti fi ₦50,000 síbẹ̀, ṣé kí n wá fi sílẹ̀ lọ ni?” Owó tó ti wọ àárín tábìlì kì í ṣe tirẹ mọ́. Ẹni tó bá jẹ ló ni ín. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ₦20,000 tó kàn yóò mú nǹkan bọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bàálù Concorde. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 1962. Nígbà tí ó hàn pé owó tó ń ná wọn kò ní padà wá, ohun tí wọ́n ti ná kò jẹ́ kí wọ́n lè yọwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 1976, ó sì kógbá sílé ní 2003.

Ìdí kejì ni ìrora àdánù. Ní 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé àdánù máa ń dun èèyàn ju bí èrè tó tó o ṣe ń dùn mọ́ ọn lọ. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún Kahneman ní ẹ̀bùn Nobel ní 2002. Wọ́n tún rí i pé ẹni tó ti ń pàdánù máa ń dáwọ́ lé ewu tí kò jẹ́ sún mọ́ nígbà tí ara tù ú. Ẹ̀yin tó mọ ẹni tó ta nǹkan ilé rẹ̀ kó lè lé owó tẹ́tẹ́ àná, ẹ kò nílò ìwé kí ẹ tó gbà mí gbọ́.

Ìdí kẹta ni ojú ayé. Ẹni tó yọwọ́ ń bẹ̀rù pé ẹnìkejì á ṣí òfo rẹ̀ hàn, gbogbo tábìlì á sì fi òun rẹ́rìn-ín. Annie Duke, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó gba 2,000,000 dọ́là nínú ìdíje póòkà kan ní 2004, kọ ìwé kan jáde ní 2022 lórí yíyọwọ́ nìkan. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé ẹni tó bá yọwọ́ lásìkò sábà máa ń rò pé òun ti tètè yọ ọ́ jù. Bí ẹ bá dúró títí ó fi hàn gbangba pé ó yẹ kí ẹ lọ, ẹ ti pẹ́ níbẹ̀.

Àwọn baba wa kò pe èyí ní ojo. Wọ́n ní àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Wọ́n sì ní akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, yóò bógun lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbọ́ mi ní ìdajì. Ẹni tó ń yọwọ́ ní gbogbo ìgbà kò ní lọ láìpàdánù. Ní póòkà, owó kan wà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi lélẹ̀ bí ó bá yí kàn án, káàdì ì báà dára, ì báà má dára. Ẹni tí kò dúró rí, owó yẹn ni yóò jẹ ẹ́ tán díẹ̀díẹ̀. Àwọn yòókù á sì mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá ti hùwà bí akọni ni yóò máa gba owó rẹ̀. Yíyọwọ́ wúlò fún ẹni tó lè dúró nígbà tó bá yẹ.

Tíkẹ́ẹ̀tì àti cash out

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílé. Lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn tó ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù àti àwọn tó ń ta lọ́tò Bàbá Ìjẹ̀bú pọ̀ ju àwọn tó ń ta póòkà lọ fíìfíì.

Lọ́tò kò ní àyè ìyọwọ́ rárá. Nínú nọ́ńbà 90, wọ́n á fa márùn-ún. Ẹni tó mú nọ́ńbà méjì tó fẹ́ kí méjèèjì jáde, ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí ìgbà 400 ni yóò jẹ. Ìlọ́po 240 ni owó tí a mọ̀ mọ́ ọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó yẹ kó gba ìlọ́po 400 ń gba ìlọ́po 240. Nígbà tí o bá ti sanwó, ó ti tán. Ibi tí o ti lè yọwọ́ ni ẹnu ọ̀nà, kí owó tó kúrò lápò.

Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù ní ohun tó jọ yíyọwọ́. Cash out ni wọ́n ń pè é. Ká sọ pé ọ̀dọ́kùnrin kan kó géèmù márùn-ún jọ, ọọ̀dì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìlọ́po tí wọ́n á san, jẹ́ 1.50, ó sì fi ₦1,000 sí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọlé, nǹkan bí ₦7,590 ni. Mẹ́rin ti wọlé. Ó ku ọ̀kan tí kò tí ì bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà wá fi hàn án lórí fóònù pé kó gba ₦4,500 báyìí kó máa lọ. Káàdì tó dára ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé kó yọwọ́?

Ọọ̀dì 1.50 túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ náà gbà pé àǹfààní géèmù yẹn kò tó ìgbà 67 nínú 100, nítorí èrè tiwọn wà nínú rẹ̀. Ká fi í sí 64. Ìgbà 64 nínú 100 lórí ₦7,590 jẹ́ nǹkan bí ₦4,860. Wọ́n ń fún un ní ₦4,500. ₦360 ni wọ́n fi ń gba owó ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jáde. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí póòkà nìyẹn: nídìí póòkà, ẹni tó yọwọ́ kò tún san nǹkan kan, nídìí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún ọ ni ẹni tó fi iye lé e. Síbẹ̀, bí ₦4,500 yẹn bá jẹ́ owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nílé, kí ó gbà á, kí ó máa lọ. Ìbàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ ju ₦360 lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kó rí jù ni bí tíkẹ́ẹ̀tì náà ti rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí géèmù kọ̀ọ̀kan bá ní àǹfààní 64 nínú 100, kí márààrún wọlé jẹ́ nǹkan bí ìgbà 11 nínú 100. ₦1,000 tó san fún un kò tó ju nǹkan bí ₦815 lọ ní ti gidi. Ká ní géèmù kan ṣoṣo ló mú, ₦1,000 náà ìbá tó ₦960. Bí géèmù bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ilé-iṣẹ́ ń jẹ sí i, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń fi bónọ́ọ̀sì fa ojú wa sí tíkẹ́ẹ̀tì gígùn. Géèmù kan á gé tíkẹ́ẹ̀tì, a ó sì máa bú agbábọ́ọ̀lù.

Ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́

Mo ní ọ̀rọ̀ yìí kọjá tẹ́tẹ́. Láti ìgbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti ṣí ní 1978, tí Ìjọ Rídíìmù sì ti ra ilẹ̀ àgọ́ wọn ní 1983, ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ti di wúrà. Ẹjọ́ ilẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tó ní rìsíìtì àti sọ́fẹ̀ lọ́wọ́ máa ń rò pé kò sí ẹni tó lè bá òun dù ú. Ṣùgbọ́n láti 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti to ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, ìwé, lílo ilẹ̀ bí olówó rẹ̀, pípẹ́ lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ìgbádùn rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó pààlà pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé jẹ́ ọ̀kan. Ẹnìkejì lè ní mẹ́rin tó kù.

Nítorí náà, ẹ bi agbẹjọ́rò yín ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Kí ni ẹnìkejì lè mú wá? Irú ẹni wo ni? Ọdún mélòó àti owó mélòó ni ẹjọ́ náà á gbà, èló sì ni ilẹ̀ náà tó? Ẹjọ́ lè ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Nígbà mìíràn, ẹni tó ní ẹjọ́ rere tó sì gbà kí wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí, kí wọ́n pín in tàbí kí wọ́n dá owó padà, ló jèrè jù. Bí ìdáhùn bá sì fi hàn pé ẹ̀tọ́ yín dúró ṣinṣin, ẹ dúró, ẹ má mikàn.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ lórí ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó pè láti 2008. Wọ́n fagi lé òfin lọ́tìrì ìjọba àpapọ̀ ti 2005, wọ́n ní ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí tẹ́tẹ́ àti lọ́tìrì. Ẹrù náà ti kúrò ní Àbújá. Ó ti wà ní Òkè-Mosàn, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀ wa, ní Abẹ́òkúta. Mo bẹ àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn: ẹ jẹ́ kó di dandan kí ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ máa kọ àǹfààní gidi sára tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì máa fi iye tí wọ́n yọ lórí cash out hàn. Ẹ jẹ́ kí ìyà tó tọ́ wà fún ilé ìtatẹ́tẹ́ tó bá gba owó lọ́wọ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì. Wọ́n á yára mọ̀ ọ́n ju èyí tó wà nínú ìwé lọ.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá wá sọ pé òun fẹ́ fi nǹkan tó ti ná òun lówó sílẹ̀, ẹ má tètè pè é ní aláìlẹ́mìí-ìfaradà. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi parí. Kò sí ẹni tó lè kọ́ yín bí ẹ ṣe máa jẹ tẹ́tẹ́ ní gbogbo ìgbà, ẹni tó bá ní òun lè kọ́ yín, owó yín ló ń wá. Èyí tó dára jù ni kí ẹ má wọ̀ ọ́ rárá. Ẹni tó bá ti wà níbẹ̀, kí ó ti pinnu iye tí kò ní kọjá nílé kó tó jáde, kí ó sì fi owó yòókù sílẹ̀. Bí ọjọ́ kan bá sì dé tí nǹkan tó dára wà lọ́wọ́ yín, tí ìṣirò sì fi hàn pé ti ẹnìkejì ju tiyín lọ, ẹ yọwọ́, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé pẹ̀lú ohun tó kù. Owó tí ẹ kò pàdánù lónìí ni ẹ ó fi ṣòwò lọ́la.